Ìjì ti lọ, àmọ́ ewu rẹ̀ ṣì ń bẹ lórí igi: ẹ̀kọ́ tí Màmá wa kọ́ wa nínú igbó Allen Banks

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti oúnjẹ ọmọ wẹ́wẹ́ la sábà máa ń sọ lójú ewé yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n mú yín rin ìrìn àjò díẹ̀. Ìrìn àjò ọjọ́ kan péré ni, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀ kan gbogbo ẹni tó ní òbí tó ti dàgbà nílé, ó sì kan ẹ̀yin àgbà fúnra yín.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ọdún 2022, mo gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, mo sì lọ kí àbúrò mi ọkùnrin nílùú Newcastle, lápá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Màmá wa, ẹni ọdún 73, ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ láti oṣù kìíní. Wọ́n lọ bá ìyàwó rẹ̀ tọ́jú ìkókó. Nínú oṣù kejì, wọ́n yọ̀ ṣubú lórí yìnyín lẹ́nu ọ̀nà. A dúpẹ́, eegun kankan kò kán, ọrùn ọwọ́ nìkan ló wú. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọwọ́ ti sàn.

Ẹ̀rù ni kò sàn. Láti ọjọ́ náà, Màmá kò jáde mọ́. Láti orí bẹ́ẹ̀dì sí orí àga, láti orí àga sí bàlùwẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn jọ lọ síta, wọ́n á ní, “Ilẹ̀ ibí yìí kì í ṣe ilẹ̀ tèmi. Ẹ jẹ́ kí n délé ná.” Àbúrò mi rò pé òtútù ló fà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí èmi dé, òtútù ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, òòrùn ti ń ràn, Màmá kò sì kúrò lórí àga.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni pé wọ́n ní láti fi ọwọ́ méjèèjì ti apá àga kí wọ́n tó lè dìde. Mo wá dán ohun kan wò, ẹ̀yin náà lè dán an wò nílé. Ẹ gbé àga tí kò ní ẹsẹ̀ tó ń yí ti ògiri. Kí àgbà náà jókòó, kí ó ká apá méjèèjì lé àyà, kí ó dìde dúró dáadáa, kí ó tún jókòó, lẹ́ẹ̀marùn-ún láìdúró. Ẹ̀yin ẹ dúró tì í, kí ẹ máa wo aago. Bí ó bá gbà á ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ, àmì ni pé agbára ẹsẹ̀ ti ń dínkù. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni Màmá ṣe é tí wọ́n fi ní ó ti tó.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Iṣan tí a kò bá lò, jíjoro ló ń joro. Ẹni tó bẹ̀rù àtiṣubú, tó wá jókòó sójú kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa rọ. Bí ẹsẹ̀ bá rọ tán, ìṣubú tí ó ń sá fún náà ni yóò wá bá a nínú ilé. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Àjọ ìlera àgbáyé sọ nínú ìròyìn rẹ̀ ti ọdún 2021 pé nǹkan bí 684,000 ènìyàn ni ìṣubú ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé, àwọn tó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún ló sì ń pa jù.

Nítorí náà, a bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo wọn ẹ̀jẹ̀ Màmá, mo yẹ àwọn oògùn wọn wò. Ọjọ́ kìíní, a rìn láti yàrá dé ilé ìdáná lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ọjọ́ kẹta, a dé ẹnu géètì. Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, a dé ìkóríta òpópónà, a sì padà. Ìgbà yẹn ni àbúrò mi sọ pé òun mọ ibì kan tí Màmá yóò fẹ́ràn, pé igbó ni, odò sì wà níbẹ̀. Màmá gbọ́ “igbó”, wọ́n gbójú sókè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé pé ọmọ Oǹdó ni Màmá wa, iṣẹ́ gẹdú ni bàbá wọn ṣe títí wọ́n fi kú. Inú igbó ni wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka owó, níbi tí bàbá wọn ti ń ka pákó.

Allen Banks ni orúkọ ibẹ̀, ní àgbègbè Northumberland. Ó lé ní 30 máìlì sí Newcastle, lápá ìwọ̀-oòrùn. A fi bíi wákàtí kan wa ọkọ̀ dé ibẹ̀. Ẹni tí kò bá ní ọkọ̀ lè wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Carlisle, kó sọ̀ ní Bardon Mill tàbí Haydon Bridge, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ló máa fi parí ìyókù, èyí kò sì ní dára fún àgbà.

Odò kan tí wọ́n ń pè ní Allen ló la àárín òkè kọjá níbẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún ló fi gbẹ́ ilẹ̀ wọnú, tó fi jẹ́ pé inú àfonífojì tóóró ló ń gbà lọ báyìí, kó tó lọ já sínú odò South Tyne. Bí èèyàn bá dúró létí odò, yóò rí igi tó gun òkè lọ lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Apá ibi tó túbọ̀ jìn, tó sì dá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ni wọ́n ń pè ní Staward Gorge. Igbó àtayébáyé ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, igbó tó bá ti wà lójú kan náà láti ọdún 1600, tí kò kúrò níbẹ̀ rí, ni wọ́n ń fi orúkọ yẹn pè. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Susan Davidson, tó gbé ní ilé ńlá Ridley Hall tó wà nítòsí, ló ní kí wọ́n la ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀nà tí èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn nínú igbó náà láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Lónìí, National Trust, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1895 láti máa tọ́jú ilẹ̀ àti ilé àtijọ́, ló ń bójú tó o.

Nínú ọkọ̀ ni àbúrò mi ti ń sọ ìtàn ìjì fún wa. Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá ọdún 2021, ni ìjì tí wọ́n sọ ní Arwen jà. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ti kéde ìkìlọ̀ pupa, èyí tó le jù lọ, fún etíkun apá ibẹ̀. Ní Brizlee Wood, ní Northumberland kan náà, wọ́n wọn afẹ́fẹ́ tó ń sáré 98 máìlì láàárín wákàtí kan. Èèyàn mẹ́ta ló kú ní ilẹ̀ Bìrìtìkó, igi ló sì wó lu àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Iná ọba lọ ní ilé tó lé ní mílíọ̀nù kan. Àwọn kan wà nínú òkùnkùn àti òtútù ju ọ̀sẹ̀ kan lọ.

Nígbà tí a dé, òórùn kan ló kọ́kọ́ kí wa. Màmá dúró, wọ́n fà á símú. “Ta ló ń gún aáyù nínú igbó?” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ewé kan ni, ó tẹ́ sílẹ̀ lọ súà lábẹ́ àwọn igi, ó ní òdòdó funfun, aáyù inú igbó ni wọ́n sì ń pè é. Omi odò náà pọ́n bíi tíì tí wọn kò tíì da mílíìkì sí, nítorí ilẹ̀ dúdú orí òkè tó ń ṣàn gbà wá. Ọmọ àbúrò mi, ẹni ọdún mẹ́sàn-án, ń sáré lọ síwájú, ó ń wá ọ̀kẹ́rẹ́ pupa tí wọ́n ní ó wà níbẹ̀. A kò rí ìkankan.

Màmá fi ọwọ́ ọ̀tún di ọ̀pá mú, wọ́n fi tòsì gbá apá mi mú. A rìn bí ogójì ẹsẹ̀, a dúró. A tún rìn. Ilẹ̀ tẹ́jú létí odò, ṣùgbọ́n ewé tó ti jẹrà àti gbòǹgbò wà níbẹ̀, mo sì ń rí i bí wọ́n ṣe ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ní bí ìdajì wákàtí, a ti kúrò lọ́dọ̀ ọkọ̀ débi tí a kò fi rí i mọ́. Láti oṣù kejì, wọn kò tíì rìn tó bẹ́ẹ̀ rí. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ sunkún.

Ibẹ̀ ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí iṣẹ́ ọwọ́ ìjì. Igi ńláńlá ló sùn sílẹ̀ gbalaja. Àwọn kan ṣẹ́ láàárín, àwọn mìíràn hú tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, tí gbòǹgbò àti iyẹ̀pẹ̀ wọn sì dúró lóòró bí ògiri ilé, tó ga ju àbúrò mi lọ. Màmá wò ó fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní, “Ẹ wò ó, gbòǹgbò rẹ̀ kò wọlẹ̀. Òkúta ló wà nísàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni ó fẹ̀ sí.” Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Ìdí mìíràn tún wà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti sábà máa ń fẹ́. Igi tí afẹ́fẹ́ bá ń mì láti kékeré máa ń mú gbòǹgbò àti ara rẹ̀ le láti fi kojú afẹ́fẹ́ náà. Ṣùgbọ́n apá àríwá àti àríwá ìlà-oòrùn ni Arwen gbà wọlé, ibi tí àwọn igi náà kò ti múra sílẹ̀. Eegun wa náà rí bẹ́ẹ̀. Eegun tó ń gbé ara, tó ń rìn, tó ń gun àtẹ̀gùn, ni ó ń le. Èyí tí a bá gbé sórí àga láti àárọ̀ dalẹ́ kò múra sílẹ̀ fún nǹkan kan.

A rìn síwájú díẹ̀ sí i, a sì bá pátákó kan lójú ọ̀nà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀nà náà ti di títì nítorí igi tí ìjì bà jẹ́. Okùn pupa àti funfun ni wọ́n fi dí i. Lẹ́yìn okùn náà, igi kan tó hú ti sùn lé èkejì lórí, èkejì sì ti tẹ̀ bí ọrun. Ṣùgbọ́n ipa ẹsẹ̀ èèyàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn náà, tó fi hàn pé àwọn kan ti ń yà á kọjá.

Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo kọ́kọ́ ṣìwà hù. Mo wò ó pé oṣù márùn-ún ti kọjá tí ìjì náà ti jà. Mo wò ó pé afẹ́fẹ́ kò fẹ́ rárá lọ́jọ́ náà. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, mo wò ó pé Màmá ti ń rìn. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí a bá yí padà, ọkàn wọn á tún rẹ̀wẹ̀sì, wọ́n á padà sórí àga. Mo ní, “Màmá, ẹ jẹ́ ká yà á díẹ̀. Àwọn kan ti gba ibẹ̀.” Àbúrò mi náà ní a kò kúkú wa ọkọ̀ fún wákàtí kan láti wá wo pátákó. Ọmọ ti fẹ́ máa bẹ́ gba abẹ́ okùn.

Màmá fi ọ̀pá dí i lọ́nà. Wọ́n ní, “Ìwọ, padà síbí.” Wọ́n yíjú sí mi. “Nọ́ọ̀sì, gbójú sókè. Kí lo rí?”

Mo gbójú sókè. Ẹ̀ka kan tó nípọn bí itan èèyàn ti ṣẹ́, ó há sáàárín ẹ̀ka méjì, lókè orí ibi tí ipa ẹsẹ̀ náà gbà. Ewé tuntun ti bò ó díẹ̀. Èmi kò rí i tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ ni mo ń wò.

Màmá ní, “Bàbá mi máa ń sọ pé igi tó dá dúró kò burú tó èyí tó sùn lé èkejì lórí. Èyí tó sùn lé èkejì, ibi tó máa já bọ́ sí ló ń wá. Ọmọṣẹ́ wọn kan kú bẹ́ẹ̀ lójú mi, a ti jẹun tán lọ́jọ́ yẹn, afẹ́fẹ́ kò fẹ́ rárá. Bígi bá wó lugi, tòkè rẹ̀ là á kọ́ gbé. Wọn kò tíì gbé tòkè. Ẹ jẹ́ ká padà.”

Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń gbọ́ òwe yẹn. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé iṣẹ́ gẹdú gan-an ló sọ. Igi tó sùn lé ara wọn dà bí ọrun tí a fà. Bí ẹnìkan bá gé tìsàlẹ̀, tòkè á já lù ú. Bí wọ́n bá gé ìdí igi tó hú, gbòǹgbò rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo iyẹ̀pẹ̀ tó gbé dání lè fò padà sínú ihò rẹ̀ lójijì, kó sì tẹ ẹni tó bá wà níbẹ̀ pa. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń tọ́jú irú igbó bẹ́ẹ̀ fi máa ń ti ọ̀nà fún oṣù gbọọrọ lẹ́yìn ìjì. Kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń ṣe wọ́n.

A padà. Kò sí igi tó wó lẹ́yìn wa, a kò gbọ́ ìró kankan. Mo mọ̀ọ́mọ̀ sọ èyí, nítorí àwọn kan á ní, “Ṣé ẹ rí i pé kò sí nǹkan kan?” Bí ìṣọ́ra ṣe máa ń rí nìyẹn. Bí a bá ṣe é dáadáa, kò ní sí ìtàn láti sọ. Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ìbẹ̀rù tèmi náà kò ṣẹ. Bí a ṣe ń padà, Màmá ló ń sọ̀rọ̀ jù. Wọ́n ń fi ọ̀pá tọ́ka sí igi, wọ́n ń sọ fún ọmọ èyí tó ti kú àti èyí tó ṣì máa rúwé. Wọ́n jókòó lẹ́ẹ̀mejì péré kí a tó dé ìdí ọkọ̀. Mo wá rí i pé ìyàtọ̀ wà láàárín ẹ̀rù àti ọgbọ́n. Ẹ̀rù ló ní kí Màmá má jáde nílé. Ọgbọ́n ló ní kí a má kọjá okùn. Àwa ọmọ máa ń da méjèèjì pọ̀. Bí òbí bá ti ní “ẹ má ṣe é”, a ó ní ẹ̀rù ń bà wọ́n ni. Ẹ jẹ́ ká máa bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí ẹ lè mú lò. Nílé wa níbí, ìjì òjò àkọ́rọ̀ máa ń wó igi lulẹ̀ lọ́dọọdún, kò sì ní pẹ́ tí àwọn ọmọ á fi sáré lọ ṣa máńgòrò, tí àwọn àgbà á sì lọ ṣẹ́gi ìdáná.

Èkíní, bí ìjì bá ti rọlẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé lọ sábẹ́ igi lọ́jọ́ náà. Ẹ kọ́kọ́ gbójú sókè, kí ẹ wo ẹ̀ka tó há. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Èkejì, bí igi bá wó lu wáyà iná, ẹ má fọwọ́ kan igi náà, bí iná ọba tilẹ̀ ti lọ. Wọ́n lè mú un dé nígbàkigbà. Ẹ sọ fún àwọn oníná.

Ẹ̀kẹta, ihò tí gbòǹgbò igi hú kúrò kì í ṣe ibi ìṣeré ọmọ. Ẹ má sì gé igi tó sùn lé igi fúnra yín, ẹ pe ẹni tó mọ iṣẹ́ náà.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹ bá fẹ́ mú àgbà lọ síbi ìgbafẹ́, ìbáà ṣe odò Olúmirin ní Erin-Ìjẹ̀ṣà tàbí ibòmíràn, ẹ rántí pé gbogbo ibi tí a bá rìn dé la ó tún rìn padà. Ẹ yí padà nígbà tí agbára ṣì kù. Bàtà tó di ẹsẹ̀ mú ni kí wọ́n wọ̀, kì í ṣe sílípáàsì. Ẹ mú omi dání. Ẹ jẹ́ kí wọ́n di apá yín mú, ẹ̀yin ẹ má fà wọ́n lọ́wọ́.

Ẹ̀karùn-ún, àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan máa ń mú kí òòyì kọ́ni béèyàn bá dìde lójijì. Kí wọ́n jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì díẹ̀ kí wọ́n tó dìde. Bí òòyì náà bá ń wá léraléra, ẹ sọ fún dókítà, ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín.

Ẹ̀kẹfà, kí àgbà máa ṣe ìdìde-ìjókòó lórí àga, àti ìdúró ṣinṣin pẹ̀lú ọwọ́ lára ògiri, ó kéré tán lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ẹ tan iná sí ọ̀nà bàlùwẹ̀ lóru, kí ẹ sì kó rọ́ọ̀gì tó ń yọ̀ kúrò nílẹ̀.

Èkeje, bí àgbà bá ṣubú, ẹ má sáré fà á dìde. Ẹ bi í léèrè ibi tó ń dùn ún. Bí kò bá lè tẹ ẹsẹ̀, tàbí tó fi orí gbálẹ̀, tàbí tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà.

Màmá padà sílé ní ìparí oṣù kẹfà ọdún náà, kí ìwé ìgbélùú wọn tó parí. Kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, mo tún gbé àga ti ògiri. Wọ́n dìde lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín ìṣẹ́jú àáyá 13. Wọ́n ní kí n tún aago mi wò, pé wọ́n yára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí Ọlọ́run bá wa dá àwọn àgbà wa sí, kí igi má wó lu ọmọ wa. Àmín. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.